Ìràwọ̀ tó bú gbàmù, lọ́wọ́ àwọn ọmọ SS2: àgbéyẹ̀wò mọ́dẹ̀lì Cassiopeia A

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní físíìsì tàbí kẹ́místrì, àti ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi lórí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí mo náwó lé fún yín. Mọ́dẹ̀lì Cassiopeia A ni, ìyẹn àjókù ìràwọ̀ ńlá kan tó bú gbàmù, tí wọ́n fi ike tẹ̀ jáde lórí 3D printer. Ọ̀fẹ́ ni fáìlì rẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó Chandra, ẹ̀rọ awò ọ̀run NASA, ló gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ. Títẹ̀ ẹ́ ló ń gba owó. Ìbàdàn níbí ni mo ti tẹ tèmi, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni mo san, owó náà kò sì dùn mí rárá.

Kí ẹ tó mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rà, ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ díẹ̀. Cassiopeia A jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo eré rẹ̀, ń lo nǹkan bí 11,000 ọdún kó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàmù náà kan ayé ní nǹkan bí 340 ọdún sẹ́yìn. Òun náà ni Chandra kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ han aráyé, ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, lẹ́yìn tí Columbia, ọkọ̀ òfuurufú NASA, gbé ẹ̀rọ náà lọ sójú ọ̀run ní oṣù keje. Àwòrán yẹn lẹ́wà, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì mi tipẹ́. Ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ ni. Ọmọ tó bá ń wò ó kò lè mọ èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn nínú gbogbo wúruwùru aláwọ̀ mèremère yẹn.

Ohun tí Tracey DeLaney, tó wà ní MIT nígbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe rèé, tí wọ́n sì gbé jáde ní 2009. Wọ́n kó ohun tí Chandra rí, ohun tí Spitzer, ẹ̀rọ awò ọ̀run NASA mìíràn, rí, àti ohun tí àwọn awò tó wà lórí ilẹ̀ rí pọ̀. Èròjà kọ̀ọ̀kan ló ní irú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tó máa ń tàn. Tí ohun tó ń tàn bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tàbí tó ń sá lọ, ìmọ́lẹ̀ náà á yí díẹ̀. Doppler effect tí à ń kọ́ fún WAEC gan-an nìyẹn! Láti inú yíyí yẹn ni wọ́n ti ṣírò ibi tí ìṣù kọ̀ọ̀kan nínú àjókù náà wà, èyí tó wà lápá ibí àti èyí tó wà lápá ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni Kimberly Arcand àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Chandra sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè tẹ̀. Nítorí náà, ìṣirò ló wà lẹ́yìn gbogbo kókó àti ihò tí ọwọ́ yín bá bà lára mọ́dẹ̀lì yìí. Kì í ṣe pé oníṣẹ́ ọnà kan jókòó fojú inú yà á.

Tèmi tóbi díẹ̀ ju ìkúùkù mi lọ. Ó rí wúruwùru, ó ní ihò káàkiri, kò sì rí róbótó bí àwọn ọmọ ṣe rò. Apá méjì wà tí nǹkan ti yọ gọngọ jáde, ọ̀kan síhìn-ín, ìkejì sọ́hùn-ún. Ìtújáde méjì tó kún fún sílíkọ́nì nìyẹn. Ike funfun lásán ni gbogbo rẹ̀ nígbà tó dé, èyí sì ni àléébù tó tóbi jù lára títẹ̀ ẹ́ ní àwọ̀ kan ṣoṣo: kò sí bí ọmọ ṣe máa mọ ibi tí irin wà nínú àjókù ìràwọ̀ náà.

Mo ra ọ̀dà. Mo tẹ̀ lé àwọ̀ tí ẹgbẹ́ DeLaney lò: irin, àwọ̀ ewé; sílíkọ́nì àti ágọ́ọ̀nù, àwọ̀ ìyeyè; àwọn ìdọ̀tí tó ti tutù díẹ̀, pupa. Ọ̀dà nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ̀fun irin tí a fi ń ṣe iṣẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ní láàbù mọ́ gbogbo ibi tó jẹ́ irin, mo sì lẹ iyanrìn kíkúnná mọ́ ibi sílíkọ́nì, torí sílíkọ́nì àti ọ́síjìn ló di iyanrìn. Ní báyìí, tí ọmọ bá gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, irin ìràwọ̀ á fà á. Ẹ ò rí bí kíláàsì ṣe pa lọ́lọ́ lọ́jọ́ tí mágínẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ohun kékeré yìí ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Ìràwọ̀ tó wúwo gan-an máa ń fi háídírójìn ṣe hílíọ̀mù, ó ń fi hílíọ̀mù ṣe kábọ́ọ̀nù, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé ọ́síjìn, dé sílíkọ́nì, dé irin. Kí ó tó bú, inú rẹ̀ ti pín sí ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, irin ní àárín gbùngbùn. Iṣẹ́ háídírójìn ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Iṣẹ́ sílíkọ́nì tó ń di irin kò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ. Irin ni òpin, torí pé kò sí agbára kankan tí ìràwọ̀ lè rí gbà nínú pípa irin pọ̀. Nígbà tí kò sí ohun tó ń gbé e dúró mọ́, àárín rẹ̀ á wó lulẹ̀ láàárín ìdá kan nínú ìṣẹ́jú àáyá, ìyókù á sì fọ́n ká.

Tó bá jẹ́ pé létòlétò ló fọ́n, irin ló yẹ kó gbẹ́yìn, kó wà nínú jù lọ. Ẹ wá di mọ́dẹ̀lì náà mú. Láwọn ibì kan, irin ti kọjá sílíkọ́nì, ó ti wà níta. Láti ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ ti rí èyí nínú ohun tí Chandra fi ránṣẹ́: ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló gba àárín àwọn yòókù kọjá síta. Mo ti sọ gbólóhùn yìí ní kíláàsì lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí síbẹ̀. Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ fúnra wọn ló rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ kí n tó lanu. Mo wá fi kún un pé irin tó tú síta yẹn, tó yàtọ̀ sí èyí tó wó lulẹ̀ ní àárín, kọ́kọ́ jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì nígbà ìbúgbàmù. Níkẹ́ẹ̀lì-56 ń di kóbáltì, ìdajì rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Kóbáltì ń di irin, ìdajì rẹ̀ láàárín ọjọ́ 77. Half-life tó ń sú wọn nínú ìwé wá di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kò ríran. Tí a bá ti dé orí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, jẹ́ẹ́ ló máa ń jókòó. Mo gbé mọ́dẹ̀lì náà lé e lọ́wọ́, mi ò sọ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó. Ó wá ń fi àtàǹpàkò wá ọ̀nà lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé ibi ìtújáde kan, ó dúró. Ó ní, “Mà, ṣé ibí ló gbà jáde?” Mo ní nǹkan fi agbára tú jáde níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ó yí i po, ó wá òdìkejì, ó rí èkejì níbẹ̀. Ó ní, “Àbí kò bú dọ́gba yíká ni, Mà?”

Mo fẹ́ kí gbogbo tíṣà gbọ́ ìbéèrè yẹn, torí ohun tí wọ́n rán NuSTAR, ẹ̀rọ awò ọ̀run NASA mìíràn, lọ wò gan-an nìyẹn. Títéníọ̀mù-44 máa ń wáyé ní ìdí ìbúgbàmù, nǹkan bí 60 ọdún ni ìdajì rẹ̀ fi ń yí padà, nítorí náà ó ṣì ń tàn ní Cassiopeia A títí di òní. Ní 2014, wọ́n gbé àwòrán ibi tó wà jáde: ó wà ní ìṣù ìṣù, kò dọ́gba yíká. Ọmọ tí kò rí àwòrán kankan rí ló fi ìka bá a.

Àwọn iye tí mo kọ sórí pátákó nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́ nìyí, láti inú iṣẹ́ Chandra tí wọ́n gbé jáde ní 2017: ìràwọ̀ kan ṣoṣo yìí tú imí-ọjọ́ tó wúwo tó ayé wa lọ́nà 10,000 síta, sílíkọ́nì lọ́nà 20,000, irin lọ́nà 70,000, àti ọ́síjìn lọ́nà mílíọ̀nù kan. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí, irú ibẹ̀ ni púpọ̀ jù lọ nínú ọ́síjìn rẹ̀ ti wá.

Ó ní ohun tí mọ́dẹ̀lì yìí kò lè kọ́ni. Ọmọ Ilésà kan ní kíláàsì bi mí bóyá wúrà wà níbẹ̀, torí wọ́n ń wa wúrà lágbègbè wọn. Mo ní ti wúrà, ibòmíràn la ti ní ẹ̀rí tó dájú jù: ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, wọ́n rí ìràwọ̀ neutron méjì (ìyẹn àárín ìràwọ̀ ńlá tó ti wó, tó kéré ṣùgbọ́n tó wúwo gan-an) tó kọ lu ara wọn, irú èròjà wíwúwo bẹ́ẹ̀ sì jáde níbẹ̀. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irin ayé kò wá láti irú Cassiopeia A, ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ kékeré tó ti kú tí wọ́n wá bú lẹ́yìn ikú ni. Tíṣà ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí, ike kò ní bá a sọ ọ́. Ike dúró sójú kan pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ìgbì ìbúgbàmù náà ṣì ń sáré nǹkan bí 5,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ rán wọn létí. Orúkọ Chandra gan-an tún jẹ́ ẹ̀kọ́: Subrahmanyan Chandrasekhar ni wọ́n fi sọ ọ́, òun àti William Fowler ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1983. Fowler yìí wà lára àwọn mẹ́rin tó ṣàlàyé ní 1957 bí ìràwọ̀ ṣe ń ṣe èròjà.

Ní ti títẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ṣọ́ọ̀bù náà ní inverter. Ṣọ́ọ̀bù kan bẹ̀rẹ̀ tèmi, iná lọ láàárín kan, iṣẹ́ bàjẹ́, wọ́n sì ní kí n san owó ike. Ibòmíràn ni mo gbé e lọ, ọmọkùnrin ibẹ̀ mọṣẹ́. Ẹ sọ fún un kó rọra yọ àwọn òpó tí ẹ̀rọ fi ń gbé e dúró, àwọn ìtújáde yẹn tètè ń kán. Tí agbára yín bá gbé e, ẹ tẹ méjì: ẹ ní kó gé ọ̀kan sí méjì gbọọrọ kí àwọn ọmọ lè rí inú rẹ̀, kí ẹ fi odindi kejì sílẹ̀ fún ọwọ́ wọn. Ẹ má sì jẹ́ kó kéré ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, torí ibi tí irin ti yọ kọjá sílíkọ́nì kò ní ṣeé fọwọ́ mọ̀ mọ́.