Àgbéyẹ̀wò: Eré àtúnkọ Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbé e sórí ìtàgé

Nínú àwọn tó sọ ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ òkèèrè di eré orí ìtàgé nílẹ̀ wa, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ni mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ń dójú ti ẹgbẹ́ òṣèré tí kò múra. Ọlá Rótìmí ti ṣíwájú rẹ̀ ní 1968, nígbà tó sọ ìtàn Oedipus, ọba inú ìtàn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, di The Gods Are Not to Blame ní Ilé-Ifẹ̀. Olùdarí tó bá tẹ̀ lé ìwé Rótìmí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ní ṣìnà púpọ̀. Ti Ọ̀ṣọ́fisan kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì eré rẹ̀ wà nínú orin, ijó àti àríyànjiyàn, ẹgbẹ́ tó bá sì fojú kékeré wo ìdajì yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni yóò kù sí i lọ́wọ́.

Women of Owu ni mo fi ṣáájú gbogbo wọn. Chipping Norton Theatre ní England ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní 2004, Chuck Mike ló darí rẹ̀, University Press ti Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ ní 2006. The Trojan Women tí Euripides, òǹkọ̀wé eré ilẹ̀ Gíríìsì, gbé jáde ní ọdún 415 ṣáájú ìbí Jésù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀; àwọn obìnrin ìlú Troy tí ogun kó lẹ́rú ló dá lé. Ọ̀ṣọ́fisan gbé ìtàn náà wá sí Òwu, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn ìsáǹsá Ọ̀yọ́ ti dó ti ìlú náà fún ọdún méje, tí wọ́n sì sun ún níná. Ogun Iraq tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó ń kọ ọ́ ló rán an létí Òwu, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ẹ̀rúnwọ̀n nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni òǹkọ̀wé yìí, síbẹ̀ kò bo ohun tí àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣe níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgboyà yẹn wà lára ohun tó mú kí eré náà wọni lára.

Kí olùdarí ka ìwé Euripides tì í. Hecuba di Erelú Àfin, Cassandra di Òrìṣàyè, Andromache di Adúmáadán, Helen di Iyùnlóyè, Menelaus di Máyẹ̀ Òkunadé. Ẹni tó bá mọ ibi tí Ọ̀ṣọ́fisan ti yà kúrò lójú ọ̀nà Euripides ni yóò mọ ibi tó yẹ kí òun tẹ̀ mọ́.

Agbo obìnrin ni eré náà dúró lé. Mẹ́jọ ló kéré jù, méjìlá ló tọ́. Ìdí ni pé ẹni méjì gbọ́dọ̀ lè dá orin, àwọn yòókù á máa gbè é, síbẹ̀ nígbà tí àwọn kan bá ń sọ̀rọ̀, ohùn àwọn tó kù kò gbọdọ̀ kú. Bí wọn ò bá ju mẹ́rin lọ, orin á máa já ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá lanu sọ̀rọ̀. Yorùbá ni àwọn orin náà, orin arò ló pọ̀ nínú wọn. Ẹ má ṣe gbà wọ́n sílẹ̀ sórí fóònù kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Arò máa ń dúró de èémí ẹni tó ń sunkún, fóònù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyáàlù kan, omele kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti tó. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìdánrawò, kí ẹ fi méjì àkọ́kọ́ kọ́ orin nìkan, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibi tí yóò dúró lórí ìtàgé.

Ohùn ni kí ẹ fi yan Erelú, kì í ṣe ẹwà, nítorí agbára káká ló fi ń kúrò lójú àwọn èèyàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé òṣèré náà á ti sun gbogbo ẹkún tán ní ìran àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá wá gbé òkú Adérógun, ọmọ-ọmọ rẹ̀, dé, omijé òǹwòran á ti gbẹ. Kí ó di ẹkún mú títí dìgbà náà.

Àṣìṣe kejì wà lórí Iyùnlóyè, ìyàwó Máyẹ̀ tó di ti ọmọ ọba Òwu. Àwọn kan máa ń wọ̀ ọ́ láṣọ aṣẹ́wó. Ẹjọ́ ni ìran rẹ̀ jẹ́: Erelú ń fẹ̀sùn kàn án, òun náà ń gbèjà ara rẹ̀ níwájú Máyẹ̀. Bí aṣọ bá ti dá a lẹ́bi, kò sí ẹjọ́ mọ́. Aṣọ tó mọ́ láàárín àwọn tó wọ àkísà ti sọ gbogbo ohun tó yẹ. Bákan náà, ẹ má ṣe wọ àwọn ọmọ ogun láṣọ sójà òde òní nítorí Iraq. Ọ̀rọ̀ inú eré ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán.

Eré rẹ̀ mìíràn, Tegonni, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Emory University ní Atlanta ní 1994, ṣòro ju èyí lọ. Antigone fúnra rẹ̀, ọmọbìnrin inú eré Gíríìsì tó sin òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lòdì sí àṣẹ ọba, wọ inú eré, ó wá bá Tegonni, ọmọbìnrin ọba Yorùbá kan tó fẹ́ fẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀, tí gómìnà sì ní kí wọ́n má ṣe sin òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibi tí ìrìn ìyàwó ti pàdé òkú náà lọ́jà ni ọkàn eré náà. Orin ìyàwó gbọ́dọ̀ dùn dénú kó tó já, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpàdé yẹn kò ní ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ó gùn. Bí ẹ óò bá gé e, inú ọ̀rọ̀ gómìnà ni kí ẹ ti gé, ẹ má fọwọ́ kan orin. Ẹ má sì da ẹfun bo ojú òṣèré tó ń ṣe òyìnbó, ẹ kọ́ ọ ní ìdúró àti bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ.

Who's Afraid of Solarin? ni mo máa ń dárúkọ fún ilé ẹ̀kọ́ girama. Eré Gogol, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń pè ní The Government Inspector ni Ọ̀ṣọ́fisan tún kọ, owó ìṣeré rẹ̀ kò pọ̀, ó sì wà ní Yorùbá, Yéèpà! Sólàárín Ń Bọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ Táí Ṣólàárín, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, tó sì fìgbà kan jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, wọn ò ní mọ ohun tí àwọn ìjòyè inú eré ń sá fún. Ojú ewé kan nínú ìwé ètò ti tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Kí eré náà máa sáré, torí ẹ̀rù ló ń lé gbogbo wọn kiri. Bí ó bá falẹ̀, ẹ̀rín á sọnù.

Kí ẹ tó lẹ pósítà mọ́ ògiri, ẹ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tàbí ilé ìtẹ̀wé, kí èsì náà sì wà lákọsílẹ̀. Ríra ìwé fún kíkà ní kíláàsì kò fún yín láṣẹ láti ta tíkẹ́ẹ̀tì.