Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láísẹ́ǹsì hẹ́ńpù ní Alágbàká: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún

Irúgbìn àgbàdo, oògùn apakoríko àti pọ́ǹpù tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni mò ń tà ní ọjà Ìsinkàn l'Ákùúrẹ́. Nítorí iṣẹ́ yìí, oṣù kan kì í lọ kí oníbàárà kan má bi mí pé, "Ìyá Alágbàdo, ṣé ẹ lè bá wa wá hóró hẹ́ńpù?" Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dáhùn, torí irú igbó kan ni hẹ́ńpù, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ àgbẹ̀ nínú wọn, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ọlọ́pàá. Àtìgbà tí Gómìnà Rótìmí Akérédolú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ti lọ sí Tàílándì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn, tí ọ̀gá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, nígbà náà sì bá wọn lọ, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwọn èèyàn wa létí. Kò tíì jáde níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé àwọn fẹ́ kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba láísẹ́ǹsì oko hẹ́ńpù, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, tó ní ilẹ̀ lọ́nà Ọ̀dà, san ₦12,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Hótẹ́ẹ̀lì kan ní Alágbàká ni. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n pè. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n tó rí ẹni tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: iṣẹ́ àárọ̀ dára. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ wa ní òun ti ṣiṣẹ́ lóko hẹ́ńpù ní Kentucky, l'Amẹ́ríkà, ó sì mọ ohun tó ń sọ. Ó ní ewé kan náà ni hẹ́ńpù àti igbó, Cannabis sativa ni oyìnbó ń pe àwọn méjèèjì. THC, ìyẹn ohun tó ń yí ojú ẹni tó bá fà á, ni wọ́n fi ń yà wọ́n. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2018 ní èyí tí THC rẹ̀ kò bá ju 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni hẹ́ńpù. Ó ṣírò rẹ̀ fún wa: nínú kílò kan tó ti gbẹ, gíráàmù mẹ́ta péré. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, igbó ni, ì báà ṣe pàsítọ̀ ló gbìn ín.

Ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè kọ ìlànà tirẹ̀, kí ó gbé e lọ fún USDA, àjọ ètò ọ̀gbìn wọn, láti fọwọ́ sí. Níbi tí ìpínlẹ̀ kò bá ti ṣe é, USDA fúnra rẹ̀ ló ń fún àgbẹ̀ ní láísẹ́ǹsì, ọdún mẹ́ta sì ni tiwọn ń lò. Ẹni tí wọ́n bá ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn ńlá lórí oògùn olóró láàárín ọdún 10 kò lè gbà á. Láàárín 30 ọjọ́ kí wọ́n tó kórè, ẹni tí ìjọba yàn yóò wá gé orí òdòdó lọ sí ilé àyẹ̀wò. Àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ gé e fúnra rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi há a mọ́ ọjọ́ ni pé bí òdòdó yẹn bá ṣe ń gbó ni THC rẹ̀ ń gòkè. Ẹ rántí bí àwọn gírédà ṣe ń la hóró kòkó wò. Ti kòkó, wọ́n á ní kí o lọ sá a sí i ni. Ti hẹ́ńpù tó bá kọjá ààlà, wọ́n lè ní kí o ro gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àbúrò mi nawọ́: "Ta ló ń san owó èyí tí wọ́n bá rò mọ́lẹ̀?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kò sẹ́ni tó ń san án, pé ìbánigbófò oko wọn pàápàá kì í ka THC tó ga sí òfò. Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀.

Wọ́n tún pín okùn hẹ́ńpù fún wa láti fọwọ́ kàn. Ó le, ó sì dán díẹ̀. Èmi ń ronú pé ewédú tí à ń fi ìjábẹ̀ já yìí náà, okùn wà lára igi rẹ̀. Òun ni àwọn ará Íńdíà àti Bangladesh fi ń hun irú àpò tí à ń di kòkó sí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tó gbin ewédú. Mo sọ ọ́ sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì lọ jẹun. Ìrẹsì náà dùn, ẹja rẹ̀ tóbi.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni nǹkan bàjẹ́. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù láísẹ́ǹsì jáde, ₦45,000, wọ́n ní àwọn yóò bá wa gbé e dé Àbújá. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò fọwọ́ sí i? Òfin wo?" Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti ń lọ lọ́wọ́." Mo tún un bi lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí i padà sí Kentucky. Obìnrin kan tó ti Ìdànrè wá ti ń ka owó tirẹ̀. Mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú.

Ọkọ mi, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ròyìn fún lálẹ́. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n lọ gbé ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ, wọ́n ṣí i sí ibi àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí, wọ́n fi ìka lé nọ́ńbà 21: oògùn àti májèlé. Ìyẹn ni pé ohun tí Kentucky lè jókòó ṣe nílé rẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa ní Alágbàká kò lè dá a ṣe. Wọ́n sọ fún mi pé lọ́dún 1966, òfin àwọn ológun ní kí wọ́n pa ẹni tó bá gbin igbó, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 21. Wọ́n ti dín ìyà yẹn kù, àmọ́ ẹ̀wọ̀n ṣì ni. "Ìwọ ro ó wò," ni wọ́n wí, "o kọ orúkọ rẹ, o kọ ibi tí oko rẹ wà, o sì sanwó lé e."

Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Bí wọ́n bá ní ẹ̀kọ́ lásán ni, kí wọ́n kọ́ wa bí ayé ṣe ń ṣe é kí ọwọ́ wa lè mọ́ lẹ́yìn ọ̀la, ìràwọ̀ mẹ́rin ni ǹ bá fún wọn. Fọ́ọ̀mù ló gba méjì lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ gbọ́ ti àárọ̀, ẹ jẹ ìrẹsì, kí ẹ sì fi owó tó kù sílé.

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n dá owó obìnrin ará Ìdànrè yẹn padà. Àwòrán àtàǹpàkò ni wọ́n fi dáhùn. Lánàá ni ìpolówó tuntun tún wọlé: ìlú Òǹdó ni wọ́n ń lọ, ó ti di ₦15,000. Àbúrò mi ti wá ra páálí àgbàdo méjì lọ́wọ́ mi fún ilẹ̀ ọ̀nà Ọ̀dà náà. Àwìn ni o.