Ìjàpá (Volkswagen Beetle) tàbí Peugeot 504: èwo ni ooru ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeé bá gbé l'Ékòó?

Àgbà ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan lónìí, kó fi ọ̀dà àti àga sílẹ̀ ná. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí Third Mainland ló máa dán ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò.

Ìjàpá kì í lo omi. Fáànù tí bẹ́líìtì ń yí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, bẹ́líìtì yẹn kan náà ló sì ń yí dáínámò. Bí iná pupa dáínámò bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì lè ti já. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín, kó wọlé tó nǹkan bíi mílímítà 15. Lẹ́yìn náà, ẹ wo páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká, àti rọ́bà tó dí àlàfo tó wà láàárín páànù àti ara ọkọ̀. Mẹkáníìkì máa ń tú wọn, kì í sì í dá gbogbo wọn padà. Bí wọn ò bá pé, ooru tó ti ara sílíńdà jáde á tún padà wọlé, fáànù á sì máa fẹ́ ooru lu ooru. Ọ́ìlì rẹ̀ ò ju lítà 2.5 lọ, òun náà ló sì ń gbé ooru lọ, torí náà kò gbọ́dọ̀ dín. Kò ní géèjì ooru, èyí ló fi léwu: ẹ́ńjìnnì lè máa jóná kí awakọ̀ má mọ̀.

504 ní tirẹ̀ ń lo omi, ó sì máa ń sọ ìṣòro rẹ̀. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù. Ìgbà tó bá tutù nìkan ni kí ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Omi tó pọ́n bí ìpẹtà túmọ̀ sí pé omi lásán tí kò ní kúláǹtì ni wọ́n ń bù sí i. Ẹ béèrè tẹmọsítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń darí omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀, pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ dànù. Fáànù rẹ̀ ní mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gbá a mú nígbà tí omi bá gbóná. Bí géèjì bá ń gòkè nínú gò-sló, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, ẹ fura sí fáànù. Bó bá jẹ́ orí eré ló ń gòkè, ó ṣeé ṣe kí rédíétọ̀ ti dí.

Ìbọn ìwọn-ooru, tí a ń nà sí ẹ́ńjìnnì láti ka ooru rẹ̀, wúlò fún méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí nígbà Kòrónà; ìyẹn kì í kà ju ooru ara lọ.

Ní tèmi, Ìjàpá tí páànù rẹ̀ pé sàn ju 504 tí wọ́n ti yọ tẹmọsítáàtì rẹ̀ lọ. Páànù àti tẹmọsítáàtì ṣeé wá ní ọjà Ládípọ̀, ẹ lè fi dúnàá-dúrà. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì 504 bá ti funfun bí mílíìkì, tàbí tí omi rédíétọ̀ ń yọ ìfófòó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn, orí náà sì lè ti tẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.