Ike àyẹ̀wò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B: ó dára, àmọ́ kò rí ẹ̀dọ̀

Ohun kan ṣoṣo ni ike pẹlẹbẹ yìí ń wá nínú ẹ̀jẹ̀: HBsAg, ìyẹn èròjà tó bo ara kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Ó mọ iṣẹ́ yẹn dunjú. Ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló sábà máa ń bà á jẹ́.

Ẹ má ya ọ̀rá rẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe tán láti lò ó, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń pa á lára. Bí ẹ bá fi sípíríìtì nu ìka, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gún un. Ẹ nu ẹ̀jẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ nù, ẹ má sì fún ìka náà jù, kí omi ara má baà là á. Ẹ kán ẹ̀jẹ̀ tó yọ tẹ̀ lé e sójú ihò ike náà, kí ẹ wá kán omi inú ìgò kékeré tẹ̀ lé e, bí ìwé inú páálí ṣe sọ. Ìṣẹ́jú 15 la máa ń ka èsì ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bó bá ti kọjá 20, ẹ má gbà á gbọ́ mọ́.

Bí ìlà C, èyí tó ń fi hàn pé ike náà ṣiṣẹ́, kò bá yọ, àyẹ̀wò yẹn ti bàjẹ́, ẹ mú òmíràn. Bí ìlà T, èyí tó ń fi hàn pé HBsAg wà nínú ẹ̀jẹ̀, bá yọ fẹ́ẹ́rẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ó ti yọ náà nìyẹn! Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ.

Ìlà T tó dúdú kò sọ pé ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́, èyí tó ṣì fẹ́ẹ́rẹ́ kò sì sọ pé ara le. Ẹ̀dọ̀ lè máa gbọgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora, kí àpá máa gba ipò ẹran ara rẹ̀ títí yóò fi le gbagidi. Nítorí náà, ẹni tí T bá yọ fún gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ALT (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá ẹ̀dọ̀ ń fara pa), iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ (HBV DNA) àti ultrasound (yíya àwòrán ẹ̀dọ̀). Bí HBsAg bá ṣì wà lẹ́yìn oṣù 6, àrùn náà ti di bárakú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló máa bẹ̀rẹ̀ oògùn bíi tenofovir lójú ẹsẹ̀. Dókítà ló máa fi èsì wọ̀nyí pinnu.

Àbùkù ike yìí kò ṣeé fojú fò. Bí àrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè kọjá kí T tó yọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lè rí T láìní àrùn, nítorí náà kó dúró tó oṣù kan. Ike yìí kò lè sọ bóyá ara ti ní ààbò, kò sì mọ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C rárá.

Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kan gún ẹni méjì. Inú agolo tó le ni kí ẹ sọ ọ́ sí, torí kòkòrò yìí lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7 ó kéré tán.