Gáàsì tí mo fi ń jó bọ́dì mọ́tò nílé: CO2 nìkan àbí argon tí wọ́n pò mọ́ CO2?

Bó bá jẹ́ ara mọ́tò tí gbogbo ayé ń rí lẹ fẹ́ jó pọ̀ (wẹ́ẹ̀dì), ìyẹn ilẹ̀kùn, fẹ́ńdà tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì, argon tí wọ́n pò mọ́ CO2 ni kẹ́ ẹ rà. Bó bá jẹ́ abẹ́ mọ́tò ni, CO2 nìkan ti tó. Mo ti lo méjèèjì lórí Peugeot 504 bàbá mi tí mo ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé wa ní Ìbàdàn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ àti páànù abẹ́ ẹsẹ̀ ti dógùn-ún débi pé èèyàn ń rí ilẹ̀ láti orí ìjókòó. Owó gọbọi ni gáàsì báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ kúnnákúnná.

Ó pẹ́ tí àwọn panẹ́ẹ̀lì bítà wa ti ń fi kábáídì àti ọ́síjìn ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì mọṣẹ́ dójú àmì. Ṣùgbọ́n ooru iná náà máa ń ràn kiri. Páànù ara mọ́tò kì í sábà nípọn ju mílímítà kan lọ; bí ooru bá ràn án, á wọ́, wọ́n á máa fi òòlù tẹ́ ẹ, bọ́dì fílà á sì bo ibi tí òòlù ò ká. Pẹ̀lú ẹ̀rọ MIG, ìyẹn ẹ̀rọ ìjórin tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀ bí gáàsì ṣe ń tú yí i ká, àti wáyà mílímítà 0.6, màá kán an síbì kan, màá fò lọ síbòmíì kí ti àkọ́kọ́ lè tutù. Iṣẹ́ gáàsì ni láti lé atẹ́gùn kúrò lójú irin tó ń yọ́. Bí atẹ́gùn bá ráyè wọlé, ibẹ̀ á di ihò wẹ́wẹ́ bí inú àkàrà, kò sì ní lágbára.

Wáyà tó ní oògùn nínú, tí kò nílò gáàsì, wà lọ́jà náà. Ó dáa fún géètì. Lórí páànù mọ́tò, ooru rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó máa ń tètè lu.

CO2 ló rọrùn láti rí. Àwọn tó ń kó o fún ilé iṣẹ́ mínírà àtàwọn tó ń rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ panápaná ń tà á, kílò ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Iná rẹ̀ le, ó ń dún pàràpàrà, ó sì máa ń wọnú irin dáadáa, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ fún páànù abẹ́ ẹsẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń ti jáàkì sí. Ṣùgbọ́n irin yíyọ́ á ta sí gbogbo ara páànù, ẹ̀yin lẹ máa fi fáìlìn maṣíìnì ha á kúrò. Lára ilẹ̀kùn, fífáìlì yẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́: ó ń mú páànù gbóná lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń jẹ ẹ́ tínrín. CO2 tún ń béèrè fóltéèjì tó ga díẹ̀ ju ti argon àpòpọ̀ lọ. Bí iná NEPA bá ti lọ sílẹ̀, wáyà á kàn máa ta kọ́ páànù láìyọ́ dáadáa. Orí jẹnẹrétọ̀ ni mo ti ń fi í jó ohun tó bá ṣe pàtàkì.

Géèjì CO2 kì í sọ iye tó kù fún yín. Bí omi ni ó ṣe wà nínú sìlíńdà. Ní ooru 20°C, nǹkan bíi bar 57 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì) ni géèjì á máa fi hàn, ì báà kún, ì báà ku díẹ̀. Ìgbà tí omi yẹn bá tán ni ọwọ́ géèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já wálẹ̀. Òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Oòrùn tiwa yìí kò sì bá a lára mu: tó bá ti kọjá 31°C, CO2 kò lè wà bí omi mọ́, agbára inú sìlíńdà á máa ga sí i. Abẹ́ igi máńgòrò ni tèmi máa ń wà lọ́sàn-án. Ẹ má sì fi sìlíńdà panápaná gan-an ṣe é. Ọ̀pá inú rẹ̀ ń fa á láti ìsàlẹ̀, CO2 olómi ló máa tú sínú rẹ́gúlétọ̀ yín.

Argon àpòpọ̀ ni mo fi jó ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ohùn iná rẹ̀ rọ̀, ó ń lọ geere, irin tó ń ta sílẹ̀ kéré gan-an, ojú ibi tí mo jó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Fáìlì díẹ̀ ló gbà kó tó bá páànù dọ́gba. Etí páànù tí ìdógùn-ún ti jẹ tínrín, tí CO2 ń lu, gba èyí láìlu. Èyí tí CO2 inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ló rọ̀ jù fún páànù tínrín. Ìdá 15 sí 20 náà ń ṣe é, ó sì wúlò fún irin tó nípọn díẹ̀. Ti ìdá 20 ni mo rí rà, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Rírí i rà ni ìṣòro. Ó wọ́n ju CO2 lọ fíìfíì, mo sì ní láti ránṣẹ́ sí Èkó. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ tà á fún mi, argon gidi tí kò ní CO2 nínú ló ń gbé lé mi lọ́wọ́, ó ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Argon gidi ni àwọn tó ń fi TIG, irú ẹ̀rọ ìjórin mìíràn, jó stainless àti alumíníọ̀mù ń lò. Bẹ́ ẹ bá fi MIG jó irin mọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, iná á máa rìn kiri, irin á sì ga sórí páànù láìwọnú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ka ara sìlíńdà kẹ́ ẹ tó sanwó. Rẹ́gúlétọ̀ náà ní láti jẹ́ ti argon, torí agbára inú sìlíńdà tó kún lè tó bar 200.

Kí gáàsì máa tú jáde ní lítà 8 sí 12 láàárín ìṣẹ́jú kan ti tó. Àwọn kan máa ń ṣí i gbàgà nígbà ọyẹ́ nítorí afẹ́fẹ́. Owó ni wọ́n ń dà nù, torí gáàsì tó ń tú jáde jù á máa fa atẹ́gùn mọ́ra. Tapólì tí mo ta yí mọ́tò ká ló yanjú ìyẹn. Ẹ má ta á pa pátápátá o! CO2 àti argon wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ sí, ẹni tó bá wà lábẹ́ mọ́tò tàbí nínú kòtò mẹkáníìkì lè dákú kó tó mọ̀.

Bẹ́ ẹ bá ṣíwọ́, orí sìlíńdà gan-an ni kẹ́ ẹ tì, kì í ṣe rẹ́gúlétọ̀ nìkan. Kẹ́ ẹ sì máa fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ibi tí họ́ọ̀sì ti so pọ̀. Ibi tí tèmi ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ń jò wúyẹ́wúyẹ́, èèyàn ò lè gbọ́ ọ létí. Klípù tuntun ni mo fi dè é.