Star Tours ní Disneyland: ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ni kí ẹ bá mi kí

Ẹni tó bá ń lọ sí Disneyland, ọgbà ìgbádùn tó wà ní Anaheim, ní California, tí àyè rẹ̀ ò sì gbà á láti wọ gbogbo eré tó wà níbẹ̀, Star Tours, yàrá tó ń ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú, ni mo ní kó wọ̀. Àwọn tuntun tó tóbi jù ú lọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó mọ ara èèyàn í tàn jẹ tó o. Fíìmù Star Wars tí wọ́n fi ṣe é dára, àmọ́ òun kọ́ ni mo wá yìn. Abẹ́ yàrá tí wọ́n kó wa sí ni iṣẹ́ gidi wà.

Èèyàn 40 ló ń jókòó sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Tí ilẹ̀kùn bá ti sé, iwájú yàrá á di fèrèsé ọkọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ já lọ sí òfuurufú jíjìn ni kí ẹ kíyè sí. Ìràwọ̀ á nà gbọọrọ lójú fèrèsé, ẹ̀yìn mi á lẹ̀ mọ́ àga pẹ́pẹ́, n ó sì gbà pé eré là ń sá. Bẹ́ẹ̀ yàrá ò kúrò lójú kan! Wọ́n kàn gbé imú rẹ̀ sókè ni, ìwúwo ara mi bá bọ́ sẹ́yìn. Inú etí lọ́hùn-ún ni ohun tó ń ròyìn ìrìn ara fún ọpọlọ wà, tí ojú ò bá sì rí ìta, kò lè mọ̀ bóyá a fẹ̀yìn tì ni tàbí a ń sáré. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á rọra dá yàrá padà, díẹ̀díẹ̀, tí ara ò ní fura, kó lè ráyè tún tàn wá jẹ. Bí wọ́n ṣe ń dá a padà yẹn ló ń wú mi lórí jù. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, jìgìjìgì lásán ló máa ń gbọn èèyàn.

Rediffusion Simulation, ilé-iṣẹ́ kan ní Crawley ní Ìlú Ọba, ló ṣe é. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣe simulator, ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú láìfò, tí àwọn awakọ̀ òfuurufú fi ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n pè ní ATLAS, ni Disney gbà lọ́wọ́ wọn: ẹsẹ̀ irin mẹ́fà tí epo ń tì jáde tó sì ń fà wọlé, tí yàrá fi lè lọ síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò, kó sì tún yí. Ní January 9, 1987 tí wọ́n ṣí i, wákàtí 60 gbáko ni Disneyland fi wà ní ṣíṣí láìtilẹ̀kùn.

Ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ronú ẹsẹ̀ mẹ́fà náà. Eric Gough ní ilé-iṣẹ́ Dunlop ní Birmingham ti lò ó láti fi yẹ táyà wò ní nǹkan bí ọdún 1954. Ní 1965 ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Stewart kọ̀wé nípa irú rẹ̀ fún ìkọ́ni awakọ̀ òfuurufú, orúkọ Stewart ni ayé sì wá ń pè é. Àánú Gough ṣe mí. Kí gbogbo wọn tó dé rárá, Edwin Link ti wà ní Binghamton, ní New York. Bàbá rẹ̀ ń ṣe dùùrù, ẹwìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù ni ọmọ náà sì mú, tó fi ṣe ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣẹ́wọ́ tó ń tẹ̀ bí ọkọ̀ òfuurufú, ní 1929. Ní 1934, nígbà tí àwọn awakọ̀ ológun tó ń gbé lẹ́tà ń kú nínú ojú ọjọ́ burúkú, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rà á.

Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ Hughes ra Rediffusion Simulation, ó tún bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Thomson-CSF, tí òun náà wá di Thales ní 2000. Ó dùn mí pé orúkọ Rediffusion Simulation ò sí mọ́.

Ní 2011, wọ́n tún eré náà ṣe: àwòrán rẹ̀ di 3D, ibi tí ọkọ̀ ń gbé wa lọ sì ń yí padà, kì í ṣe ọ̀nà kan náà ní gbogbo ìgbà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ tún tò lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wá àga àárín gbùngbùn, ibẹ̀ ni àwòrán ti ṣe déédéé jù. Ọmọ tí kò bá ga tó 102 sẹ̀ǹtímítà ò ní wọlé, aláboyún àti ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn, ẹ má wọ̀ ọ́.