Àyẹ̀wò igi briar tí wọ́n ti dá ihò sí, fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ìkòkò tábà

Àwọn tó ń ta ohun èlò páìpù máa ń kó ègé igi briar tí wọ́n ti dá ihò sí, tí wọ́n sì ti fi ẹnu páìpù, apá tí a ń fi sẹ́nu, sí i, sínú páálí kékeré fún ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ìkòkò tábà. Ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra tèmi. Ègé igi kan, ẹnu páìpù dúdú kan àti ìwé ìtọ́sọ́nà olójú kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Fáìlì, ayùn àti sáńpépà kò sí níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá rò pé bí òun bá ti ṣí páálí náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ káfíńtà.

Kí n tó sọ àléébù rẹ̀, n óò sọ ìdí tí mo fi gbà pé owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ kò pọ̀ jù. Igi kúkúrú ni briar, àgbègbè òkun Mẹditaréníà ló sì ti ń hù, ní Ítálì, Gíríìsì, Àlùjíríà àti Mòrókò. Ó máa ń ta kókó ńlá sí ìdí, níbi tí gbòǹgbò àti ẹ̀ka ti pàdé. Kókó yìí ni wọ́n ń hú, tí wọ́n ń là, tí wọ́n ń sè nínú omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí oje inú rẹ̀ lè jáde, tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀ kó gbẹ fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọdún, kó tó di ohun tí ọ̀bẹ lè kàn. Ó le, iná kì í sì í tètè mú un, ìdí nìyẹn tí àwọn agbẹ́páìpù ìlú Saint-Claude ní ilẹ̀ Faransé fi dì í mú láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. (Amọ̀ ni ìkòkò tí àwọn ìyá àgbà wa fi ń mu tábà, amọ̀ kò sì ní gbogbo wàhálà yìí nínú.)

Ihò gan-an ni èèyàn ń sanwó fún nínú páálí yìí. Ihò méjì ni páìpù ní: èyí tó gbòòrò, tí a ń ki tábà sí, tó sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 19 tàbí 20, àti èyí tóóró, bíi mílímítà 4, tí èéfín ń gbà lọ sí ẹnu. Ihò tóóró yìí gbọ́dọ̀ yọ sí ìsàlẹ̀ ihò tábà gẹ́lẹ́. Bó bá yọ sókè jù, tábà ìsàlẹ̀ kò ní jó tán, omi yóò sì máa gbára jọ síbẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó dúró déédéé kò lè dá ihò yìí kó gún. Mo ki wáyà olówùú tí wọ́n fi ń nu páìpù bọ ẹnu páìpù tèmi, ó sì kọjá láìkọ́ nǹkan kan títí orí rẹ̀ fi yọ ní ìsàlẹ̀ abọ́, ìyẹn apá tí ihò tábà wà. Ó tọ́ kí n yìn wọ́n fún èyí.

Àmọ́ ihò kan náà ló gba àṣẹ igi náà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí a kọ́kọ́ fi omi ra ara igi láti rí bí ìlà rẹ̀ ṣe ń lọ, lẹ́yìn náà ni yóò tó pinnu ibi tí yóò dáhò sí, kí ìlà náà lè dúró ṣánṣán lára abọ́. Nínú páálí, ẹ̀rọ ti pinnu tán. Ìlà tèmi dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹwà tó yẹ kó wà níwájú sì lọ sí abẹ́. Irú páìpù tí èèyàn lè gbẹ́ náà dín kù, nítorí ẹni tó bá gbẹ́ ẹ wọnú jù yóò kan ihò.

Èyí tó bí mi nínú ni pé bí fáìlì ṣe ń wọlé ni mo rí ojú ihò kékeré kan tí wọ́n fi àtè dí, tí wọ́n sì kùn kó bá ara igi mu. Briar a máa ní irú ihò bẹ́ẹ̀ láti inú ilẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó yẹ kí ọlọ́jà sọ ọ́. Ìwé ìtọ́sọ́nà náà kò sì sọ bí ẹ̀gbẹ́ abọ́ ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni páìpù ti ń gbóná jù. Èmi kì í jẹ́ kó dín ní mílímítà 6.

Ní ti iṣẹ́ náà, mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Ayùn ni mo fi gé igun rẹ̀ kúrò, fáìlì ló mú un rí róbótó, sáńpépà 150, 240, 400 àti 600, láti orí èyí tó rí gbàgùngbàgùn dé orí èyí tó kúnná, sì tẹ̀ lé e. Ibi tí ẹnu ti pàdé ọrùn igi náà kò dọ́gba nígbà tó dé. Ẹ má ṣe yọ ẹnu náà bí ẹ bá ń fá a. Ẹ fá méjèèjì pọ̀ títí èékánná kò fi ní kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ bo imú, nítorí eruku rẹ̀ kúnná púpọ̀. Ẹ má fi fáníìṣì kùn ún. Àwọ̀ tí wọ́n fi ọtí pò àti ìda carnauba, èyí tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní Bùràsíìlì, ti tó o, ẹ má sì jẹ́ kí ìkankan nínú wọn kan inú abọ́.

Bí ọlọ́jà bá fún yín láyè láti yan ẹnu, ẹ yan ti acrylic, irú ike líle kan. Ti rọ́bà tí wọ́n fi imí-ọjọ́ sè rọrùn fún eyín, àmọ́ bí oòrùn bá ń pa á yóò máa ṣì. Ẹ béèrè fún fọ́tò igi náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì bi í bóyá wọ́n ti dí ihò kankan lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dáhò nílé ní tirẹ̀ kò nílò páálí yìí rárá. Igi lásán ni kó rà, kó sì fúnra rẹ̀ yan ibi tí ihò yóò gbà.